Bí A Ṣe Ń Fi Kẹ̀kẹ́ Rìn Lọ́wọ̀ọ̀wọ́ Láti Ṣágámù Dé Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ má ṣe gba ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Benin, nítorí pé àwọn ọkọ̀ àjàgbé ibẹ̀ kì í ro ti kẹ̀kẹ́. Ẹ gba Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè, kí ẹ tó yà sí Òru. Ẹni tó lọ́ra jù ni kí ó ṣíwájú, kí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe sì kẹ́yìn pẹ̀lú pọ́ǹpù àti tíúbù. Bí táyà bá jò, ẹ fi ìka wá inú rẹ̀ jẹ́jẹ́ kí ẹ tó ki tíúbù tuntun bọ̀ ọ́, torí pé ẹ̀gún tí ẹ kò bá yọ yóò tún lu òmíràn. Gààrí Ìjẹ̀bú àti omi tútù dára níbi ìsinmi, ṣùgbọ́n ẹ má mu ún yó.