Bí Ẹ Ṣe Lè Múra Sílẹ̀ fún Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ṣíìpù

Àwa ará Òṣogbo mọ aró. Aláàdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń fojú wá gbogbo ara aṣọ kó tó rì í, torí ibi tí ẹ̀kọ kò bá bò ti di aró nìyẹn. Bí iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ ṣíìpù (ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣiṣẹ́ bí ọpọlọ nínú kọ̀ǹpútà àti fóònù) wò ṣe rí gan-an nìyẹn: kó rí àléébù kí wọ́n tó tẹ ṣíìpù jáde. Ní 1994, àṣìṣe tó wà níbi tí ṣíìpù Pentium ti ń ṣe ìṣirò pínpín mú kí Intel, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ya mílíọ̀nù 475 dọ́là sọ́tọ̀.

Ẹ má fowó ra irinṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni Verilator (tó ń dán kóòdù ṣíìpù wò lórí kọ̀ǹpútà) àti GTKWave (tó ń ya bí àmì inú rẹ̀ ṣe ń yí padà), láptọ́ọ̀pù àtijọ́ sì gbé wọn. Bí kò bá sí, ẹ lo EDA Playground lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ máa tọ́jú iṣẹ́ yín léraléra nítorí iná. Ẹ mọ SystemVerilog (èdè kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe ṣíìpù tí wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò) dáadáa kí ẹ tó fọwọ́ kan UVM (ìlànà tí wọ́n gbé ka orí èdè yẹn fún àyẹ̀wò ńlá).

Ibi tó ń gbé ènìyàn ṣubú wá nìyí. Wọ́n á ní: “Báwo lo ṣe máa yẹ FIFO wò?” FIFO ni àpótí tó jẹ́ pé ohun tó kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde. Ẹ má sáré kọ kóòdù o! Ẹ bèèrè ná: àyè mélòó ló ní? Bó bá kún tí wọ́n tún ń kó nǹkan sí i ńkọ́? Ṣé clock (àmì tó ń lù bí aago tí ṣíìpù fi ń gbé ẹsẹ̀) kan náà ni ẹnu méjèèjì, ti ìwọlé àti ti ìjáde, ń lò? Ìwé ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Bíírò pupa ni mo máa ń fi kọ ohun tó lè bàjẹ́.

Ẹ má wo kóòdù ẹni tó ṣe ṣíìpù kí ẹ tó kọ ohun tí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá wò ó, àṣìṣe tiẹ̀ á di tiyín.

Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ ara yín ba FIFO náà jẹ́. Mo jókòó ti ọmọkùnrin kan ní Òkè-Fìà tí àyẹ̀wò rẹ̀ ń kọ PASS, PASS, PASS, ìyẹn ni pé ó yege. Àyè mẹ́jọ ni FIFO rẹ̀ ní. Mo wọ ibi tó ti ń sọ pé òun ti kún, mo sọ 8 di 7. Ó tún àyẹ̀wò náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, PASS náà ló tún kọ! Nǹkan ṣì ń jáde létòlétò lóòótọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi àmì “full” léèrè ìgbà tó tàn. A fi assertion kan (òfin tí àyẹ̀wò fúnra rẹ̀ ń ṣọ́) kún un pé àmì yẹn kò gbọdọ̀ tàn àfi tó bá pé mẹ́jọ. Bí nǹkan keje ṣe wọlé báyìí, ó figbe ta. Títí ẹ ó fi rí irú igbe bẹ́ẹ̀, ẹ má gba PASS kankan gbọ́.

Ẹ máa sọ èrò yín síta bí ẹ ṣe ń ronú. Ẹni tó ń bi yín léèrè kò rí inú yín. Bó bá ní ìgbà wo ni iṣẹ́ parí, ẹ má dúró sórí pé gbogbo ìlà kóòdù ti ṣiṣẹ́. Ẹ sọ pé gbogbo ohun tí ẹ fi bíírò pupa kọ ti ṣẹlẹ̀ lójú yín: ó kún, ó ṣófo, wọ́n kó wọlé wọ́n sì kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n tẹ reset (àmì tó ń dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀) nígbà tí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀.