Bí A Ṣe Ń Fi Ọkọ̀ Àlòkù Ta Àjọ Ọmọdé Lọ́rẹ ní Amẹ́ríkà

Ọkọ̀ tó ti dàgbà, tí mẹkáníìkì sì ti sọ pé owó àtúnṣe rẹ̀ yóò ju iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ń jẹ lọ, kò yẹ kó jókòó sẹ́bàá ilé títí yóò fi dípẹtà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ àjọ aláàánú tí ń tọ́jú ọmọdé ló ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ì báà máa rìn, ì báà má rìn mọ́, wọn a sì máa rán ẹni tí yóò wá wọ́ ọ lọ láìgba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ìrọ̀rùn yìí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀ǹda ọkọ̀ wọn láìbéèrè ohunkóhun.

Ohun tó yẹ kí olùtọrẹ mọ̀ ṣáájú ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ibi gbàǹjo ni ọkọ̀ náà ń lọ, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tú ọkọ̀ palẹ̀ láti ta ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó ẹni tó wọ́ ọ, owó gbàǹjo, owó ìpolówó àti èrè alágbàtà ni yóò kan àwọn ọmọ. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ẹ bi àjọ náà ni èyí: nínú iye tí ẹ bá ta ọkọ̀ yìí, èló ló ń dé ọwọ́ yín? Àwọn kan ń gba ìdá kan pàtó nínú owó títà, àwọn mìíràn sì ń gba iye kan ṣoṣo lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí ọkọ̀ náà níye lórí tó, tí alágbàtà á sì kó ìyókù. Àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa kì í fi ìdáhùn sí ìbéèrè yìí pamọ́, bí ẹni tó gbé fóònù bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ yí ká, ẹ wá àjọ mìíràn.

Ẹ béèrè pẹ̀lú pé àwọn ọmọ wo ni owó náà wà fún àti kí ni wọn yóò fi ṣe fún wọn, torí pé àwòrán ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lára ìwé ìpolówó kò sọ bóyá ilé ìwòsàn, ilé ẹ̀kọ́ tàbí ibùdó ìsinmi ni owó ń bá lọ. Orúkọ náà ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí àwọn àjọ kan máa ń jẹ́ orúkọ tó fara jọ ti àjọ ńlá tí gbogbo ayé mọ̀. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀ ni kí ẹ gba nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní EIN lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú Tax Exempt Organization Search tí IRS, ilé-iṣẹ́ owó-orí ìjọba àpapọ̀, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ènìyàn. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bóyá ẹ̀bùn tí a fún àjọ náà ṣeé yọ kúrò nínú owó tó ń wọlé fún yín kí wọ́n tó ṣírò owó-orí lé e lórí. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ẹ óò tún rí Form 990, ìròyìn ọdọọdún tó ń fi hàn bí àjọ ṣe pa owó wọlé àti ohun tí ó ná an sí. Bí ó bá jẹ́ ìdílé kan tí ọmọ wọn ń ṣàìsàn ni ẹ fi ọkọ̀ náà fún tààrà, àánú ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin owó-orí kò kà á sí ẹ̀bùn fún àjọ aláàánú.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí àwọn àjọ náà kì í sábà polówó. Bí ọkọ̀ yín bá ṣì ń rìn dáadáa, tí ẹ sì ní àkókò láti bá oníbàárà dúnàá dúrà, ẹ tà á fúnra yín, kí ẹ sì fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí àjọ náà. Alágbàtà kò ní rí nǹkan kan bù nínú rẹ̀. Fífi ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tọrẹ dára jù fún ọkọ̀ tí kò lè gbéra mọ́, tàbí fún ẹni tí kò fẹ́ kí àjèjì máa wọlé wọ̀de nítorí ọkọ̀ àlòkù.

Ọ̀rọ̀ owó-orí ni ó máa ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú rú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣáájú ọdún 2005, olùtọrẹ lè wo iye tí irú ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ lọ́jà, kí ó sì kọ iye yẹn sínú ìwé owó-orí rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2004 ló yí i padà. Ní báyìí, bí iye tí ẹ fẹ́ yọ bá ju dọ́là 500 lọ, tí àjọ náà sì ta ọkọ̀ náà láìlò ó àti láìtún un ṣe, ẹ kò lè yọ ju iye tí wọ́n tà á gan-an lọ. Ká ní ẹ rò pé ọkọ̀ yín tó dọ́là 3,000, tí wọ́n sì tà á ní gbàǹjo ní dọ́là 900, dọ́là 900 ni tiyín. Iye yìí ni wọ́n ń kọ kí wọ́n tó yọ ìnáwó kankan, nítorí náà, 900 tó wà lórí ìwé yín kò túmọ̀ sí pé 900 ló dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá tà á ní dọ́là 500 tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè yọ iye tí ọkọ̀ náà jẹ lọ́jà lọ́jọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀, bí kò bá ṣáà ti kọjá dọ́là 500.

Àyè wà tí ẹ fi lè yọ gbogbo iye tí ọkọ̀ náà jẹ lọ́jà. Ọ̀kan ni bí àjọ náà bá fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ gidi, bíi kí wọ́n máa fi gbé oúnjẹ lọ fún àwọn aláìní lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan. Òmíràn ni bí wọ́n bá ṣe àtúnṣe ńlá tó mú kí iye rẹ̀ gbéra sókè. Kíkùn ún ní ọ̀dà, fífọ̀ ọ́ àti títún ibi tó tẹ̀ wọnú ṣe kò sí lára èyí. Ẹ̀kẹta ni bí wọ́n bá fún aláìní ní ọkọ̀ náà, tàbí tí wọ́n tà á fún un ní owó tó kéré gan-an sí iye ọjà, gẹ́gẹ́ bí ara iṣẹ́ àánú wọn. Bí iye tí ẹ fẹ́ yọ lọ́nà yìí bá kọjá dọ́là 5,000, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ nípa dídíyelé ohun ìní.

Gbogbo èyí kò ní jẹ́ ohunkóhun fún ẹni tó gba standard deduction, ìyẹn iye kan náà tí ìjọba ti là sílẹ̀ pé kí èèyàn yọ láìka ìnáwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, tó jẹ́ dọ́là 15,750 fún àpọ́n àti 31,500 fún tọkọtaya tó jọ ń kọ ìwé owó-orí fún ọdún 2025. Àwọn tí ń to ìnáwó wọn lẹ́sẹẹsẹ sórí Schedule A, ìwé àfikún fún àwọn ìnáwó tó ṣeé yọ, nìkan ló lè yọ iye ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sí nínú àwọn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni ìpolówó sì ń pariwo owó-orí lé wọn lórí.

Ó ku ìwé ọkọ̀. Title, ìwé tó fi hàn pé ọkọ̀ jẹ́ tiyín, gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá sì ti fi owó yíyá ra ọkọ̀ náà, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ pé gbèsè ti tán. Bí orúkọ ènìyàn méjì bá wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú AND láàárín wọn, àwọn méjèèjì ni yóò buwọ́ lù ú. Ibi tí wọ́n ní kí a kọ orúkọ ẹni tó gba ọkọ̀ sí, ẹ kọ orúkọ àjọ náà síbẹ̀ tàbí ti ilé-iṣẹ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófo láé, bí awakọ̀ tilẹ̀ sọ pé òun yóò kún un fún yín. Títí tí ẹnì kan yóò fi forúkọ sílẹ̀ fún ọkọ̀ náà, orúkọ yín ni ìjọba mọ̀, ọ̀dọ̀ yín sì ni ìwé ìtanràn yóò máa bọ̀. Fún ọkọ̀ tí wọ́n ṣe jáde ní 2011 sókè, ẹ óò tún kọ iye máìlì tó ti rìn.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ lórí ohun tó kù. Ní California, láàárín ọjọ́ márùn-ún ni ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún DMV, ilé-iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tí ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, pé ọkọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ní New York, ẹ óò yọ nọ́ńbà ọkọ̀, ẹ óò dá a padà fún DMV, lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ óò tó fagi lé ìnṣọ́ránsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fagi lé ìnṣọ́ránsì níbẹ̀ ń fa wàhálà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ tú ọkọ̀ náà wò dáadáa: abẹ́ ìjókòó, búùtù, ibi tí táyà àpààrọ̀ wà, àti àpótí kékeré iwájú níbi tí ìwé tó ní àdírẹ́sì yín sábà máa ń wà. Ẹ yọ ohun tí ń sanwó ojú ọ̀nà kúrò lára gíláàsì, ẹ mú rìmóòtù géètì, kí ẹ sì pa àwọn nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé tó wà nínú rédíò ọkọ̀ rẹ́. Bí awakọ̀ bá dé, ẹ ya àwòrán title níwá-lẹ́yìn àti òǹkà máìlì kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì gba rìsíìtì tó ní ọjọ́ náà àti VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà, nínú.

Rìsíìtì awakọ̀ yẹn kì í ṣe ìwé owó-orí. Bí iye tí ẹ ó yọ bá ju dọ́là 500 lọ, Form 1098-C, ìwé tí àjọ fi ń jẹ́rìí sí ọkọ̀ tí a fi tọrẹ, ni ẹ óò retí, àjọ náà sì gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n bá ta ọkọ̀, tàbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ fi í sílẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ lò ó fúnra wọn. Ẹ óò so ó mọ́ ìwé owó-orí yín pẹ̀lú Form 8283, ìwé tí a fi ń kéde ẹ̀bùn tí kì í ṣe owó. Bí kò bá tíì dé nígbà tí oṣù kejì ń parí lọ, tí ẹ sì mọ̀ pé wọ́n ti ta ọkọ̀ náà, ẹ pè wọ́n pẹ̀lú VIN lọ́wọ́, nítorí pé láìsí ìwé yẹn, IRS kò ní gbà kí ẹ yọ iye náà.