Oko Amẹ́ríkà Kì í Ṣe Abà: Àṣìṣe Tí Àwa Ará Ìlú Ńlá Máa Ń Ṣe

Nílé, èébú ni kí wọ́n pe èèyàn ní ará oko. Ẹni tí kò mọ ìwọṣọ, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, òun là ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ sì wò ó dáadáa, àgbẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, ará ìlú ni. Agboolé rẹ̀ wà n'Íbàdàn tàbí l'Ọ́ṣogbo, oyè rẹ̀ wà níbẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọn yóò sin ín sí. Oko jẹ́ ibi tó ń lọ. Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ó lè sùn ní abà fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n bí ọdún bá dé, yóò wálé.

Èrò yìí la máa ń gbé wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹni tó ti gbé Houston tàbí Chicago fún ọdún mẹ́wàá yóò rí i pé iye tí wọ́n ń ta ilé kékeré kan ní ìlú lè ra ilẹ̀ rẹpẹtẹ níbi tó jìn díẹ̀, yóò ní òun fẹ́ ra oko. Abà ló wà lọ́kàn rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà kò ní abà, òfin ni kò jẹ́ kí wọ́n ní in. Láti ọdún 1785 ni ìjọba wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn wọn ilẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, máìlì kan lóòró, máìlì kan níbùú, èyí tó jẹ́ 640 éékà. Ní ọdún 1862, Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin pé ẹni tó bá fẹ́ lè gba ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, 160 éékà, kó san owó fọ́ọ̀mù díẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ náà, kó máa gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kó sì máa ro ó. Ẹni tó bá ń ti ìlú wá roko kò ní rí ìwé ilẹ̀ gbà. Bí àgbẹ̀ wọn ṣe di ẹni tó ń dá gbé láàárín ilẹ̀ ara rẹ̀ nìyẹn, tí ilé tó sún mọ́ ọn jù lọ lè wà ní ìdajì máìlì.

Àṣìṣe tó bí ìyókù ni kéèyàn ra ilẹ̀ tó jìn sílé ní wákàtí méjì, kó kó ewúrẹ́ ogún sí i, kó ní òun yóò máa wá ní Sátidé. Ewúrẹ́ kò mọ Sátidé. Nígbà òtútù, omi inú ọpọ́n wọn yóò dì gbagidi, ẹnìkan gbọ́dọ̀ fọ́ ọ láàárọ̀ kí wọ́n tó lè mu. Nígbà ooru, ọgbà wáyà yóò já lọ́jọ́ Mọ́ńdè, coyote, tó jẹ́ ẹbí ajáko, yóò sì ti mọ̀ kí ẹ tó mọ̀. Bí ẹ kò bá ní gbé ibẹ̀, ẹ má sin ohun ẹlẹ́mìí. Ẹ gbin igi, tàbí kí ẹ fi ilẹ̀ náà háyà fún àgbẹ̀ tó wà nítòsí kó máa gé koríko rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà ló yẹ kí n dúró lé jù, torí ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò. Àwọn àgbà ní oko kì í jẹ́ ti bàbá tọmọ kó má láàlà. Ti Amẹ́ríkà tún ní ààlà tó lọ sísàlẹ̀. Ní Texas àti ní ìpínlẹ̀ mìíràn tí epo wà, ẹni tó ni orí ilẹ̀ lè yàtọ̀ sí ẹni tó ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ta ilẹ̀ náà ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn lè ti yọ epo àti gáàsì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, kó tó ta koríko tó wà lórí. Ẹ ó kọ́lé tán, ilé iṣẹ́ epo yóò gbé ìwé dé pé àwọn fẹ́ gbẹ́lẹ̀, ẹ kò sì ní lè lé wọn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí lọ́yà tó mọ̀ nípa ilẹ̀ tú ìwé rẹ̀ dé gbòǹgbò, kí ẹ sì bèèrè ọ̀nà: ǹjẹ́ ìwé wà pé ẹ lè gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn dé orí ilẹ̀ yín, àbí oore ojú lásán ni?

Omi náà ńkọ́? Ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, ẹni tó kọ́kọ́ fa omi odò lò ló ni ẹ̀tọ́ àkọ́kọ́ sí i, kódà kí odò gba àárín ilẹ̀ yín kọjá. Ní Colorado, òfin tilẹ̀ mú omi òjò: ọdún 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí onílé máa fi garawa ńlá méjì gbe omi òjò láti orí òrùlé, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju gálọ́ọ̀nù 110 lọ. Ẹ̀yin tí màmá yín ń gbé agbada àti báàfù síta bí òjò bá ṣú, ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ ọ́n.

Kànga tún wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ kì í yẹ omi kànga ẹni wò, onílé ló ni ín lọ́rùn. Ẹ máa mú omi náà lọ fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, fún kòkòrò àti fún nitrate tó ń ti inú ajílẹ̀ oko ṣàn wọlé. Bí nitrate bá pọ̀ nínú omi tí wọ́n fi po mílíìkì ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kò ní lè gbé atẹ́gùn dáadáa, ara rẹ̀ yóò máa dúdú bí aró. Ìgbọ̀nsẹ̀ kò lọ sí ọ̀dọ̀ ìjọba náà, inú soakaway yín ló ń lọ. Ẹ bèèrè ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ àti ìgbà tí wọ́n fà á gbẹ̀yìn. Títún un ṣe lè jẹ owó tí ẹ rò pé ẹ fi ra ilẹ̀ pọ́ọ́kú.

Àwọn kan gbọ́ pé owó orí ilẹ̀ oko kéré, wọ́n sáré so màlúù méjì mọ́ ẹ̀yìnkùlé. Texas ní tiẹ̀ kì í gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ ti wà fún iṣẹ́ àgbẹ̀ fún márùn-ún nínú ọdún méje tó ṣáájú. Bí ẹ bá sì sọ oko di ilẹ̀ ilé títà, wọn yóò padà wá gba àjẹsílẹ̀ owó orí ọdún mẹ́ta. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, tí kò sì ní green card, ó ní òfin mìíràn láti ọdún 1978: láàárín 90 ọjọ́ tó bá ra ilẹ̀ oko, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, USDA. Owó ìtanràn rẹ̀ lè dé ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ilẹ̀ náà tó.

Ẹ̀yin tó mọ ọmọ onílẹ̀ l'Ékòó, ẹ má rò pé ẹ ti bọ́. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́ ilẹ̀ ẹbí: bàbá ńlá kú láìkọ ìwé ìhágún, gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ sì jọ ni ín láìpín. Ọ̀kan nínú wọn, tó lè jẹ́ pé Detroit ni wọ́n bí i sí, tí kò sì dé ibẹ̀ rí, lè ta ìpín tirẹ̀ fún àjèjì. Àjèjì náà yóò gba ilé ẹjọ́ lọ pé kí wọ́n pín in, ilé ẹjọ́ a sì pàṣẹ pé kí wọ́n ta gbogbo ilẹ̀ náà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ fi bọ́ mọ́ ẹbí lọ́wọ́ nìyí. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti gba òfin tuntun wọlé láti ọdún 2010 tó fún ẹbí láǹfààní láti kọ́kọ́ ra ìpín náà padà. Tí ẹnìkan bá fẹ́ ta irú ìpín bẹ́ẹ̀ fún yín ní owó táṣẹ́rẹ́, ẹ mọ̀ pé àárín ìjà ẹbí lẹ fẹ́ kó sí.

Àṣìṣe mìíràn so mọ́ èyí: kéèyàn rò pé òyìnbó nìkan ló ń roko níbẹ̀. Ní ọdún 1920, oko tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń dá ju 900,000 lọ. Lónìí, àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú kò tó 50,000. Gbèsè, ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò fún wọn lówó yá wà lára ohun tó fà á. Wọ́n gbé ẹjọ́ yẹn dé kóòtù, ìjọba sì gbà láti san owó ní 1999. Láàárín 1910 sí 1970, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà aláwọ̀ dúdú kúrò ní gúúsù lọ sí ìlú ńlá àríwá. Àwọn díẹ̀ gba ọ̀nà yẹn padà: ní 1970, Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi, tí wọ́n bí sí Detroit, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní New York wá sínú igbó Sheldon ní South Carolina, wọ́n tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má wá ọjà Bódìjà.

Ẹ má fojú àìmọ̀wé wo àgbẹ̀ wọn. Katakata tó ń lò lè wọ́n ju ilé yín lọ, sátẹ́láìtì ojú sánmà ló sì ń tọ́ ọ sọ́nà lórí ebè. Síbẹ̀ ẹ má sì rò pé olówó ni gbogbo wọn. Nínú ìkànìyàn oko ọdún 2022, oko tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.9, ìpín-dọ́gba rẹ̀ sì jẹ́ 463 éékà. Ṣùgbọ́n ibi tó lè ta ohun ọ̀gbìn tó tó dọ́là 1,000 péré lọ́dún ni wọ́n ń kà sí oko. Púpọ̀ nínú wọn ni ọkọ tàbí aya ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí olùkọ́ ní ìlú kí ilé má bàa jóná.

Àgbàdo ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́? Ẹ má yà á. Lákọ̀ọ́kọ́, olè ni. Lẹ́ẹ̀kejì, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í ṣe àgbàdo tí à ń sè. Oúnjẹ ẹran àti ethanol tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀ ni wọ́n gbìn ín fún. Ẹ lè sè é títí ilẹ̀ ó fi ṣú.

Ti ẹran, ẹ̀yin tó ń wá òbúkọ ọdún, ẹ gbọ́. Ẹ lè pa ẹran ara yín kí ẹ sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú ará ilé àti àlejò. Bí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́ tí ẹ wá ń tà á fún ará ṣọ́ọ̀ṣì láìjẹ́ pé ibi tí ìjọba ń bójú tó ni wọ́n ti pa á, ẹ ti ṣẹ̀. Ẹni tó sì ń sin ewúrẹ́ ní gúúsù tó móoru, tí ọ̀rinrin pọ̀, kó máa fa ìpéǹpéjú ẹran rẹ̀ wò. Tó bá funfun dípò pupa, aràn inú ikùn ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Àwọn tó ń fúnni nímọ̀ràn lórí irú nǹkan báyìí wà ní county, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, láti yunifásítì ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá. Òfin 1914 ló dá ètò náà sílẹ̀. Kí ẹ tó bi WhatsApp, ẹ bi wọ́n.

Ohun ọ̀gbìn kò gùn lọ́rọ̀. Ewédú, tẹ̀tẹ̀ àti ilá yóò ṣe dáadáa nínú ooru, bí ẹ bá dúró kí ìrì dídì ìkẹyìn lọ. Ìrì dídì yóò sun ewé ẹ̀gẹ́ dúdú lóru ọjọ́ kan. Tí wọ́n bá sì ta ohun kan fún yín tí wọ́n pè é ní yam, ẹ tú àpò rẹ̀: ànàmọ́ ni.

Ewu ni mo fi sẹ́yìn, àmọ́ òun ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ọ̀pá tó ń yí lẹ́yìn katakata máa ń yí nígbà 540 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Etí bùbá, okùn ṣòkòtò, gèlè tó tú, ó ti tó kó fi fa èèyàn wọlé. Kò sí ẹni tó ń sáré ju u lọ. Àká irin tí wọ́n ń kó àgbàdo sí náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé gun orí ọkà inú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń fà á jáde nísàlẹ̀, ó ń gbé èèyàn mì bí omi. Ilé ìwòsàn sì lè jìn: ó lé ní 100 ilé ìwòsàn ìgbèríko tó ti kógbá sílé tàbí tí kò gba aláìsàn sùn mọ́ láti ọdún 2010.

Òórùn ẹlẹ́dẹ̀ àti ariwo ẹ̀rọ ìkórè lọ́gànjọ́, ẹ má fi pe ọlọ́pàá. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ní òfin tó ń dáàbò bo àgbẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé tó wá ń fẹjọ́ sùn. Bí ẹ bá sì rí ọ̀dà àlùkò lára igi ní Texas tàbí Missouri, kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Ó ń sọ pé kí ẹ má wọlé. Láàárín ìgbà ọdẹ, wọ́n lè yìnbọn kí wọ́n tó mọ̀ pé èèyàn ni.

Ní ìgbà ìkórè, ẹ ó bá katakata lójú títì, tó ń rọra lọ, tó ní àmì onígun mẹ́ta aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn. Ẹ má fọn fèrè. Tó bá rí àyè, yóò yà fún yín, yóò sì gbé ìka kan sókè lórí ìdarí rẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ tiwọn nìyẹn. Ẹ gbé tiyín náà.