Bí mo ṣe fi ilẹ̀kùn àtijọ́ ṣe àga, pákó 2 péré, kò sí ìṣó níbẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, tí wọ́n bá ń wó ilé àtijọ́ ládùúgbò yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pákó ẹ̀ dáná. L'Ékìtì níbí, àwọn ilé tí àwọn bàbá wa fi owó kòkó kọ́, ìrókò àti apá lẹ ó máa bá lára ilẹ̀kùn àti òrùlé wọn, igi tó ti gbẹ kanrankanran, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ní sọ́mìlì ò lè bá a dọ́gba torí omi ṣì wà lára ẹ̀, tó bá yá á ká, á sì sán.

Ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ nílé kan n'Íkẹ́rẹ́ ni mo fi ṣe tèmi. Àmọ́ kí ayùn tó kàn án, ẹ wò ó bóyá wọ́n fín ọnà sí i. Tí ọnà bá wà lára ẹ̀, ẹ gbé ayùn sílẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́, 1924 ni wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ní Wembley nílùú London, àwọn òyìnbó wá ṣe àga ọba kan fi gbà á, British Museum, ilé tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní London, ló wà báyìí. Ó máa ń dùn mí gan-an. Pákó pẹlẹbẹ tí ò ní ọnà ni mò ń sọ o.

Ẹ fi òòlù kàn án káàkiri, ibi tó bá ń dún bí agbè òfìfo, ikán ti wà níbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀mú yọ gbogbo ìṣó, lẹ́yìn náà kí ẹ gbé óòfà tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ gba orí pákó náà, torí ìṣó kan tó bá fara pamọ́ á ká eyín ayùn yín.

Àga yìí, pákó kan á gba inú èkejì kọjá bí X, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀ káàkiri Áfíríkà. Pákó tó fẹ̀ tó íńṣì 12, tó nípọn tó 1½. Ti ẹ̀yìn gùn ní 42. Ti ìjókòó gùn ní 32, íńṣì 14 nínú ẹ̀ lẹ ó jókòó lé, 18 tó kù ni ìrù, ẹ gé e tóóró kó fẹ̀ ní 5. Lára ti ẹ̀yìn, ẹ wọn íńṣì 12 láti ìsàlẹ̀, ẹ lu ihò tó fẹ̀ ní 5 síbẹ̀ kí ìrù gbà á kọjá. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé kékeré ẹ̀ wò, íńṣì 1 dípò 4, ẹ ó rí bó ṣe máa dúró.

Ihò yìí gan-an niṣẹ́ wà. Ẹ fi dírìlì lu ojú kéékèèké tẹ̀léra, kí ẹ wá fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ láti ojú méjèèjì kí wọ́n pàdé láàárín, tó bá jẹ́ ojú kan péré lẹ ti gbẹ́ ẹ já, ẹ̀yìn ẹ̀ á bó. Ẹ jẹ́ kó fún, ẹ máa fi fáìlì fẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tèmi tí mo kọ́kọ́ ṣe fẹ̀ jù, àga náà sùn sẹ́yìn púpọ̀, mo ní láti fi igi pẹlẹbẹ há a. Ìlà tó wà lára igi gbọ́dọ̀ gùn bá ìrù lọ, kò sì gbọdọ̀ sí kókó igi níbẹ̀, ibẹ̀ ló máa ṣẹ́.

Ẹ ti pákó méjèèjì bọ inú ara wọn, ẹ gbé e sórí sìmẹ́ǹtì tó tẹ́jú, ẹ fi pẹ́ńsùlù lé orí igi pẹlẹbẹ kan, ẹ wọ́ ọ lọ nílẹ̀ yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, ẹ gé ibi tí pẹ́ńsùlù fa ìlà sí, gbogbo ẹ̀ á tẹ́ délẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń fi sándípépà ha ìrókò, ẹ bo imú, eruku ẹ̀ máa ń ta ní imú àti ọ̀fun. Fánìṣì ẹ̀ẹ̀mejì tó. Kí ẹ̀dá kankan tó jókòó, ẹ gbé àpò sìmẹ́ǹtì 2 lé e, 100 kílò nìyẹn, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn ló fẹ́ lò ó, ó máa ṣòro fún un láti dìde, ẹ gbé ihò náà sí íńṣì 14, kí ìrù wá jẹ́ 21, á ga sí i, bó sì ṣe sùn sẹ́yìn ò ní yí padà.