Ìwé ìbí tó fẹ́ da iṣẹ́ ọkọ̀ ọmọ wa rú

Ìwé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ọmọ wa, tó yẹ kó parí kí òtútù Sydney níbí ní Australia tó mú, ìwé ìbí kan ṣoṣo ló fà á nílẹ̀, owó ẹ̀kọ́ tí mo kọ́kọ́ san sì wọgbó. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ní Redfern, àdúgbò kan ní Sydney, ẹgbẹ́ àwọn Aborijin, ìyẹn àwọn ọmọ onílẹ̀ Australia, kan wà tó ń jẹ́ Tribal Warrior. 1998 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ń tọ́ ọ̀dọ́ sọ́nà, wọ́n ń kọ́ wọn níṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ tiwọn sì ń gbé àlejò káàkiri èbúté. Ní 2009, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ jọ láago 6 ìdájí láti kọ́ ẹ̀ṣẹ́ jíjà pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá àdúgbò, kí ìkórìíra àárín wọn lè rọlẹ̀. Irú iṣẹ́ yìí ló wù mí tí mo fi gbà láti mú ọmọkùnrin Aborijin kan ládùúgbò wa lọ́wọ́, títí yóò fi gba ìwé ọmọọṣẹ́ ọkọ̀.

Ẹ̀kọ́ náà ò le. Ìtọ́jú pàjáwìrì, iná pípa, fífò sómi taṣọtaṣọ, gbogbo rẹ̀ ló yege. Kókó okùn tí wọ́n ń pè ní bowline, ojú ló dì tó fi ta á. Orí mi wú.

Ìdánimọ̀ ló kù. Ọmọ ọdún 17, wọn ò forúkọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ rí! Òfin New South Wales, ìpínlẹ̀ tí Sydney wà, ní kí òbí ṣe é láàárín 60 ọjọ́, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Aborijin ló ń bẹ̀rù ọ́fíìsì ìjọba, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi já ọmọ gbà lọ́wọ́ àwọn ìyá wọn. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni wí fún ìyẹn.

Ìyá àgbà rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Aunty, gbé agolo bisikíìtì kan jáde. Rọ́bà tí wọ́n so mọ́ ọmọ náà lọ́wọ́ nílé ìwòsàn wà níbẹ̀, orúkọ ìyá àti ọjọ́ ìbí ṣì hàn gedegbe. Akọ̀wé tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ìbí ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ní àfi kí ìyá ọmọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Moree nìyá ọmọ ń gbé, ó ju 600 kìlómítà lọ. Ó fọwọ́ sí i, wọ́n dá a padà: orúkọ ilé ọkọ ló wà lára ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà nílé ìwòsàn. Ẹ mú ìwé ìgbéyàwó wá. A mú un wá, wọ́n ní ẹ̀dà ni, ojúlówó làwọn ń fẹ́. Nílé wa, ọ̀pọ̀ ẹni tí ò níwèé ìbí ló ń lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù. Níbí, ìbúra nìkan ò tó.

Ọmọ náà ní, "Uncle, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Fi kí ni sílẹ̀? Ìwọ tóo ti fò sómi?"

Òṣìṣẹ́ Aborijin kan nílé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí ló tú u. Ó wá àkọsílẹ̀ ìbí jáde, ó kọ lẹ́tà, ó sì pè wọ́n lórí fóònù níṣojú wa. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba níbí. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́ kankan.

Ìwé ìbí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Ó ti ń ka iye ọjọ́ tó fi ṣiṣẹ́ lórí omi jọ fún ìwé coxswain, èyí tí yóò fi lè wa ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ ò tó mítà 12. Àwọn àbúrò rẹ̀ méjèèjì náà ò níwèé ìbí. Fọ́ọ̀mù tiwọn ti wà lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Moree.