Bí A Ṣe Ń Múra Ìgboyà Sílẹ̀ De Ìyàsọ́tọ̀ Àwọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìrẹ́jẹ tí wọ́n ń ṣe fún ènìyàn nítorí àwọ̀ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ wàhálà kó tó máa wá ìgboyà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní Nashville, ní Amẹ́ríkà, ti fi oṣù púpọ̀ kọ́ ọ kí wọ́n tó lọ jókòó sídìí káńtà oúnjẹ tí wọn kì í ti í dá wọn lóhùn, ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́ka sí ìrẹ́jẹ náà ní pàtó. Àwọn ilé ìtajà Nashville ń gba owó aláwọ̀ dúdú lórí aṣọ àti bàtà, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó jókòó jẹun. Ohun kan yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà dojú kọ. Bó bá jẹ́ níbi iṣẹ́ yín nílùú òyìnbó ni, ẹ kọ ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ gan-an sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi dánra wò, nítorí èyí ni mo kà sí pàtàkì jù lọ. Àlùfáà James Lawson, tó ti gbé ní Íńdíà tó sì kọ́ ọ̀nà Gandhi níbẹ̀, ìyẹn kíkọ ìrẹ́jẹ láìlo ipá, máa ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan á ṣe bí jàǹdùkú: wọ́n á bú ẹni tó jókòó, wọ́n á fẹ́ èéfín sìgá sí i lójú, wọ́n á wọ́ ọ kúrò lórí àga, òun kò sì gbọ́dọ̀ bú wọn padà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ara tí kò gba èébú rí kì í mọ bí yóò ṣe dákẹ́ lọ́jọ́ tí èébú bá dé ní tòótọ́.

Ẹ má sì dá nìkan lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì, nígbà tí àwọn jàǹdùkú lù wọ́n, tí ọlọ́pàá sì kó nǹkan bí 80 akẹ́kọ̀ọ́, bí wọ́n ṣe ń kó àwọn kan jáde ni àwọn mìíràn ń wọlé wá jókòó sáyè wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ láti san owó ìtanràn. Diane Nash, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ náà, sọ ní kóòtù pé bí àwọn bá san án, ìrẹ́jẹ náà ni àwọn ń tì lẹ́yìn. Àwọn ìdílé aláwọ̀ dúdú náà kò ra ọjà láàárín ìlú mọ́.

Ẹ ní ìbéèrè kan lẹ́nu tí aláṣẹ kò ní lè yẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ilé agbẹjọ́rò wọn, Z. Alexander Looby. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn rìn lọ bá olórí ìlú, Ben West, Diane Nash sì bi í bóyá ó tọ́ kí a yà ènìyàn sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀ nìkan. Ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo wọn pé kò tọ́. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ilé ìtajà mẹ́fà gbé oúnjẹ síwájú aláwọ̀ dúdú lórí káńtà wọn.