“Ìwé lo wá kà, o ò wá yan ọ̀rẹ́”: àṣìṣe òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ọmọ dé Ìlú Ọba

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù ló ń fi ọ̀rọ̀ yìí sin ọmọ lọ sí ilé-ìwé. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù: àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Síbẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ mọ́.

Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí, àwọn ọmọ sábà máa ń jókòó yí tábìlì ká. Tíṣà á béèrè ọ̀rọ̀, á ní kí kálukú kọ́kọ́ bá ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jíròrò kí wọ́n tó nawọ́ sókè. Inú ìjíròrò yẹn ni ẹ̀kọ́ wà. Ọmọ tí kò ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ á dákẹ́, tíṣà á sì rò pé kò mọ̀ ọ́n ni.

Bí ọmọ bá délé tó ní wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì òun ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ má kàn ní “má dá wọn lóhùn.” Láìpẹ́, kò ní dá tíṣà náà lóhùn mọ́. Ẹ lọ rí tíṣà lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé girama ní England ló ń pín ọmọ sí “set” bí wọ́n ṣe rí agbára wọn sí. Ọmọ tó mọ ìṣirò dáadáa n'Ìbàdàn lè bá ara rẹ̀ ní set ìsàlẹ̀, torí pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìbéèrè ló ta á kókó. Bí àwọn tó yí i ká ò bá retí máàkì gidi, òun náà á dẹwọ́. Ìwádìí ńlá tí James Coleman darí fún ìjọba Amẹ́ríkà, tó jáde ní 1966, ti rí i pé ohun tí àwọn ojúgbà ọmọ ń lépa máa ń hàn nínú èsì tirẹ̀. Tó bá wá di GCSE, ìdánwò ìparí girama, tí wọ́n fi í sí Foundation, ìpele ìsàlẹ̀ nínú ìṣirò, 5 ni máàkì tó ga jù tó lè gbà. Ẹni tó ṣe Higher, ìpele òkè, lè gba 9 tó ga jù lọ. Ẹ tètè béèrè set tí ọmọ yín wà, àti ohun tó máa gbé e kúrò níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ń lé ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ọmọ Yorùbá bíi tirẹ̀, kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ lè yára dán. Kí ló dé? Ọmọ Yorùbá ní Peckham, àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, tó ti ṣáájú rẹ̀ dé lè fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí tíṣà sọ.

Tí wọ́n bá sì fún un ní káàdì ìpè ọjọ́ ìbí, ẹ jẹ́ ó lọ. Ẹ sìn ín dé ibẹ̀, kẹ́ ẹ kí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà rẹ̀.